Àbúrò Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Nínú kíláàsì ìyá tó bí ìyá mi, àga olùkọ́ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó sì máa ń ṣófo. Ìyáàfin Ọlábọ̀dé, tí àwa ọmọ-ọmọ wọn ń pè ní Màmá, kì í jókòó sórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, lórí àpótí pákó kan tí wọ́n gbé wá láti ilé, níbi tí orí wọn kò ti ní yọ ju ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àlejò tó bá wọlé ní láti wá olùkọ́ kí ó tó rí wọn. Nígbà tí a sin Màmá, ìwé ètò ìsìnkú tí ìjọ tẹ̀ sọ ìlú tí wọ́n ti wá, ọkọ tí wọ́n fẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n bí àti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú ìjọ. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà, n kò sì ní tún un sọ níhìn-ín. Ohun tí n kò rí nínú ìwé náà ni irú ẹni tí Màmá jẹ́ nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Mo gbé ọ̀dọ̀ Màmá ní Ajégúnlẹ̀ ní gbogbo àkókò tí mo fi wà ní girama, nítorí pé iṣẹ́ ìyá mi ní Warehouse Road, ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù, kì í jẹ́ kí wọ́n tètè délé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Màmá ti ń kọ́ni ni mo lọ, mo sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ̀rí mi kì í ṣe ti àlejò; kì í sì í ṣe ti ẹni tí kò lè ṣègbè. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ìlú ni Màmá ń kọ́ wa. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó yí àwọn bẹ́ǹṣì padà kí wọ́n lè dojú kọ ara wọn, a ó sì pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Màmá á sọ ìbéèrè ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, wọn á sì lọ jókòó. Ojú ọ̀nà tí tírélà ń gbà lọ sí èbúté Àpápá kò jìnnà sí fèrèsé wa, fèrè ọkọ̀ kì í sì í sinmi. Àwọn olùkọ́ yòókù máa ń pariwo lé e lórí kí ọmọ lè gbọ́ wọn. Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ariwo yẹn ń bá olùkọ́ ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ní láti fi orí sún mọ́ ọn. Olùkọ́ ìṣirò tó wà ní yàrá kejì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í gbé ohùn sókè. Màmá ní, "Ọmọ tí mo bá pariwo mọ́ á gbọ́ mi, kò ní gbọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn."

Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bó ṣe wà. Mama Let-am-finish ni wọ́n ń pe Màmá, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo tó sábà máa ń ti ẹ̀yìn yàrá wá ni "Jẹ́ kó parí." Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Mama Let-am…" Ojú ọ̀rẹ́ náà yí padà. Ọmọkùnrin náà wẹ̀yìn, ó rí Màmá, ó sì gbé ìyókù orúkọ náà mì. Màmá kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Wọ́n ní, "Parí ẹ̀."

Òfin tí gbogbo ènìyàn fi mọ kíláàsì Màmá ni pé, nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí ẹni tó tẹ̀ lé e yóò sì tẹ̀ lé e, títí ọ̀rọ̀ yóò fi kan àgbà. Wọn kò mú un láti inú ìwé kankan. Bí Màmá ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣe ni wọ́n kàn ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, wọn á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọn á sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ ọ́. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ á ti parí, ìdáhùn kan náà á sì wà lẹ́nu gbogbo ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan. Màmá kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ náà yára ronú ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àpótí ti ẹgbẹ́ kan láti mọ bí ìyára náà ṣe ń wáyé. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni pé, ṣé ó yẹ kí ìjọba lé àwọn tírélà tó tò sójú títì kúrò?

Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, Ṣẹ́gun, tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ló kọ́kọ́ lanu. "Kí wọ́n lé wọn," ló wí, ó sì wo àwọn yòókù.

Èkejì ní, "Bí Brọ̀dá Ṣẹ́gun ṣe wí náà ni."

Ẹ̀kẹta ní, "Èmi náà o."

Ó kan ọmọ tó kéré jù. Bàbá ọmọ yìí gan-an ń wa tírélà. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń sùn ní ibùdókọ̀ Coconut, ó ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ kó lè wọ èbúté. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Bó ṣe wí náà ni."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Màmá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kí wọ́n lé bàbá rẹ kúrò lójú títì?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Brọ̀dá Ṣẹ́gun ti sọ̀rọ̀, mà."

Màmá tẹnu mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn yìí pé ọmọ náà kò bẹ̀rù ìyà. Ṣẹ́gun kì í na ẹnikẹ́ni. Ìwà ọmọlúàbí ni ọmọ náà hù, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ìwà rere yìí gan-an ló sì pa á lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ọmọ ló ṣe àṣìṣe. Olùkọ́ tó ń retí kí ọmọ Yorùbá já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní koro ló ṣe é. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dojú ètò náà délẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n fi kádìí ìtàn náà ni pé, "Àgbà tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kò ní kàn án."

Òfin náà kò dúró sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìpàdé àwọn ìyá nínú ìjọ, níbi tí Màmá ti jẹ́ alága fún àkókò kan, wọ́n ní kí aya ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, ìyàwó tuntun, kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀ lórí bí a ó ṣe pín iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìjọsìn. Ìyá Ìjọ, obìnrin tó ti darúgbó tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú, yọ awò ojú wọn.

"Ìyáàfin Ọlábọ̀dé, ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni yóò ṣíwájú mi sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ̀yin ni ẹ ó kẹ́yìn."

"Kí n wá dúpẹ́ nìyẹn?"

"Tó bá wù yín, Mà."

Àwọn kan fi ìborùn bo ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n tún yan alága, wọn kò yan Màmá mọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn sọ pé ńṣe ni wọ́n ń ba àṣà jẹ́. Bí mo ti wò ó tó, n kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Màmá kò sọ rí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé wúwo ju ti àgbà lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá mi fi ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjọ dá wọn lágara nílé, èsì wọn kúrú: "Ọba kì í ṣíwájú ìjòyè sọ̀rọ̀. Ṣé ẹnìkan wá tìtorí ẹ̀ gba adé lórí ẹ̀?"

Òfin kejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ, títí ẹni tó ni ín yóò fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Nínú kíláàsì, òfin yìí wúlò, ó sì máa ń panilẹ́rìn-ín. Nílé, ìyà ni. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Tọ́pẹ́, ń jà nítorí fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé. Màmá pè wá sí pálọ̀.

"Àṣàkẹ́, kí ni Tọ́pẹ́ sọ?"

"Irọ́ ló ń pa, Màmá."

"N kò bi ọ́ bóyá irọ́ ni. Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ló kọ́kọ́ gbé fáànù náà, àti pé ooru mú nínú yàrá tòun."

"Tọ́pẹ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò fi ti ẹ̀fọn kún un, Màmá."

"Fi ẹ̀fọn kún un."

Mo fi ẹ̀fọn kún un. Nígbà tí mo fi máa tún gbogbo rẹ̀ sọ tán, ooru ìjà náà ti kúrò lára mi, inú sì tún bí mi nítorí pé wọ́n gba ìbínú mi lọ́wọ́ mi. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí pé àlàáfíà lè súni. Mo sọ fún Màmá pé kò ṣe é fara dà. Wọ́n dá mi lóhùn pé, "Nígbà tí o bá lè sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ọ jà tó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a jà ni."

Mo ti mẹ́nu ba ìdákẹ́ wọn. Ohun tó ṣòro jù fún olùkọ́ ni kí ó béèrè ọ̀rọ̀, kí yàrá pa lọ́lọ́, kí ó má sì sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí pé èmi náà ń kọ́ni. Nígbà tí yàrá bá dákẹ́, Màmá á yọ awò ojú, wọn á máa fi etí aṣọ nù ún, wọn kò sì ní gbé e padà sójú títí ẹnìkan yóò fi sọ̀rọ̀. Olùbẹ̀wò kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ bá wa nínú irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ta ló ni omi tó wà láàárín èbúté Tin Can àti Snake Island? Ọkùnrin náà dúró, ó dúró, ó wo aago, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá Màmá sọ̀rọ̀.

"Mà, ṣé kí n ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọ́n ń ronú."

Ufuoma ló pàpà sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá láti Snake Island wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, tí a kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ó bi Màmá bóyá òun lè sọ ọ́ ní pijin. Màmá ní èdè tó bá bá ìrònú rẹ̀ wá ni kó fi sọ ọ́. Nígbà tí ó bá di kíkọ, a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é. Ufuoma ní, "Ma, my papa dey fish there before dem bring ship. But no be we dey drive ship comot. So e be like say na who strong get am." Ọ̀rọ̀ gba kíláàsì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló dá sí i, kò sì sí ẹni tó rántí pé àlejò wà láàárín wa. Nígbà tí olùbẹ̀wò ń lọ, ó gbóríyìn fún Màmá, ó sì fi kún un pé ìdákẹ́ yẹn ti fẹ́ pọ̀ jù. Màmá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ìdákẹ́ kò pa ọmọ lára, sà," ni wọ́n wí. "Àwa olùkọ́ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà."

Bí mo bá dúró síhìn-ín, màá ti ya ẹni tí kò ní àbùkù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbé ilé wa rí. Àbùkù Màmá ni pé wọ́n fẹ́ràn ìdáhùn tiwọn. Bàsírátù, ọmọ Alhaji Múdàṣírù, ló tú àṣírí náà. Alhaji jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ọmọ wọn sì jogún ojú tí kì í fo nǹkan kan. Nígbà tí ìjíròrò kan ń parí lọ, ó nawọ́ sókè.

"Mà, ṣé kí n sọ nǹkan?"

"Sọ ọ́."

"Ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ká dé kẹ́ ẹ tó bi wá. Tá a bá ti ń yà kúrò níbẹ̀, ẹ máa ń wúkọ́."

Màmá wò ó. "Mo máa ń wúkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n yíjú sí ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí òfin. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé mo máa ń wúkọ́?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ máa ń wúkọ́ dáadáa, mà."

Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà ń dun Màmá. Wọ́n gbé e wá sídìí oúnjẹ, wọ́n ní ọmọ Alhaji yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún un sọ pé ó lẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Láti ìgbà náà, wọn kò gbé ìbéèrè wá sí kíláàsì àfi èyí tí kò tíì yé àwọn náà. Ìyẹn sì mú kí àwọn ẹ̀kọ́ kan parí láìsí ìdáhùn, ohun tí àwọn òbí kò fẹ́ràn láti gbọ́. Màmá kò dẹ̀yìn. "Ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ìdánwò ni. Kí n má fi orúkọ mìíràn pè é."

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí yìí ló gbé mi dé ibi ìwà kan tí mo gbà pé ó ṣe àpèjúwe Màmá ju gbogbo ìyókù lọ.

Wọ́n ti bá kíláàsì wa bọ̀ láti ìgbà tí a ṣì kéré, a sì ti wọ kíláàsì àṣekágbá. Ìdánwò tí yóò sọ ẹni tí yóò lọ sí yunifásítì ti ń súnmọ́lé. Àwọn òbí fẹ̀hónú hàn: Màmá kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó kí ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ọmọ kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ gba kíláàsì náà lọ́wọ́ Màmá. Màmá mọ ohun tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń gbìn láti ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fẹ́ kórè nínú kíláàsì yìí, bí wọ́n bá sì pàdánù rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá wọn kórè rẹ̀, bóyá ní ọ̀nà tí wọn kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe ìpàdé ní Sátidé. Wọ́n jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì náà wà níbẹ̀, a jókòó lẹ́bàá ògiri. Alhaji Múdàṣírù ló kọ́kọ́ dìde.

"Ọ̀gá, n kò bá Mà jà o. Ọmọ mi á tiléèwé dé, màá ní kí lo kọ́ lónìí, á ní àwọn jíròrò. Tàná ńkọ́? Àwọn jíròrò. Ẹnu ọmọ yìí ti wá mú ju abẹ lọ, ìwé ẹ̀ sì funfun báláú."

Awakọ̀ tírélà kan tó jókòó lẹ́yìn wọn ní, "Tèmi tún le. Mi ò lè bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Á ní kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan tí ìyá òun wí."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, Màmá pẹ̀lú. Ọ̀gá wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ olùkọ́ mìíràn nawọ́. Màmá dìde kí ọwọ́ tó gòkè.

"Mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo. Ẹ má tíì nawọ́. Ẹ jẹ́ ká yí bẹ́ǹṣì padà ná."

"Ṣé ọmọ iléèwé ni wá ni, Mà?" Alhaji ló béèrè.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni, Alhaji."

Wọ́n yí bẹ́ǹṣì padà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Inú ẹgbẹ́ Alhaji ni ìyá mi bọ́ sí, pẹ̀lú awakọ̀ náà àti ìyá díákónì kan láti ìjọ wa. Ìyá mi ló kéré jù nínú wọn. Mo rò, bí n kò tilẹ̀ lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, pé Màmá kò ro ibi tí òfin wọn yóò kọjú sí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ká ní Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni, ìyá mi ìbá sọ pé bí Alhaji ṣe wí náà ni, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èwo ni tiwọn nínú rẹ̀.

Ó kan ìyá mi. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Alhaji ṣàánú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn bẹ̀rẹ̀," ni Alhaji wí. "Ìyá wọn ni."

Láti ẹ̀yìn yàrá, Màmá ní, "Rárá, Alhaji. Bọ́lá ló kéré jù."

Ẹgbẹ́ yòókù dákẹ́ láti gbọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ròkè.

"Kò sí olùkọ́ tó mọ ọmọ bíi ti Màmá. Ọmọ mi kì bá lè dá ọ̀rọ̀ rò ká ní kò sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí ẹgbẹ́. Òun nìkan ni yóò jókòó sídìí tábìlì, bébà ni yóò sì máa bá sọ̀rọ̀. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìyẹn ṣe, àkókò sì ti lọ. Mo fẹ́ kí olùkọ́ mìíràn gba kíláàsì náà."

Ìyá díákónì tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn àwọn náà nìyẹn. Awakọ̀ sọ tirẹ̀, Alhaji sọ tiwọn, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì sọ tiwọn. Àwọn díẹ̀ gbèjà Màmá. Àwọn tó pọ̀ jù kò gbèjà wọn. Ọ̀gá wo Màmá bí ẹni tó ń retí àwíjàre wọn. Màmá kò gbèjà ara wọn. Wọ́n bọ́ síwájú, níbi tí n kò ti rí wọn kí wọ́n dúró rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí fi ta kò wọ́n sọ.

"Ẹ ń sọ pé ọmọ yín ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò mọ̀wé kọ. Pé olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ ọ ní méjèèjì kọ́ ọ ní ẹyọ kan, èyí tó wu olùkọ́ náà. Pé ọmọ ni yóò sanwó ohun tó wu olùkọ́. Alhaji, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Alhaji ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mà. Ẹ tún mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ."

"Pé olùkọ́ náà ti kùnà. Bọ́lá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá, mà." Ìyá mi ti dìde dúró. "N kò sọ pé ó kùnà. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kù síbì kan."

Màmá ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Olùkọ́ náà kò kùnà. Iṣẹ́ rẹ̀ kù síbì kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí ọkàn rẹ̀ ti yí padà bí mo ti ń wò ó, ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá fẹ́, a ṣì lè tún un…" Màmá gbé báàgì wọn. "Wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, sà."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rìn lọ sílé. Lójú ọ̀nà, ìyá mi sún mọ́ Màmá.

"Màmá, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Má bẹ̀ mí. Tí mo bá ní n kò bínú, irọ́ ni. Jẹ́ kí n bínú tán."

Ní ọjọ́ Ajé, kíláàsì àwọn ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá ni wọ́n gbé fún Màmá. Olùkọ́ mìíràn wá bá wa, ó kọ nǹkan sójú pátákó, a sì dà á kọ. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, àwọn kan ṣe dáadáa, àwọn kan kò ṣe dáadáa. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn fi èsì náà dá Màmá láre, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n fi dá àwọn òbí láre; n kò rò pé ó lè ru èyíkéyìí nínú ẹrù méjèèjì. Ohun tó dá mi lójú ni pé Màmá kò gba kíláàsì àṣekágbá mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kò sì béèrè fún un. Ohun kan tún yí padà. Nígbà tí ìjíròrò bá parí nínú kíláàsì àwọn ọmọ tuntun, Màmá á ní kí wọ́n yí bẹ́ǹṣì padà síwájú, kí kálukú jókòó lóun nìkan, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tí ọkàn rẹ̀ dúró sí. Nígbà tí mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ti rí èyí, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ló kọ́ mi."

Ìyá mi kò mọ̀ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn wà lọ́kàn wọn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, ìyá mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti tọ́jú wọn. Ní ọ̀sán kan, lẹ́yìn tí Màmá mu ọ̀gì díẹ̀, tí ara wọn sì fúyẹ́, ìyá mi fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ọjọ́ ìpàdé yẹn."

"Ìpàdé wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà."

Màmá kò sẹ́. Ìyá mi ní wọ́n ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí. Pé bóyá ká ní àwọn dákẹ́ ni, tàbí kí àwọn jẹ́ kí Alhaji bá àwọn bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀, bóyá kíláàsì náà ìbá ṣì wà lọ́wọ́ Màmá. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì ń gé. Màmá jẹ́ kó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ lé ọwọ́ ìyá mi.

"Bọ́lá, ká ní o dákẹ́ nítorí pé ìyá rẹ ni mí, kí ni mo wá fi gbogbo ayé mi kọ́ni?"